Kí ni káńsù lè ṣe kí ìwé ìbéèrè fún àṣẹ ìkọ́lé lè máa pé kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Kent béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwọn ayàwòrán ilé, àwọn òṣìṣẹ́ planning àti àwọn tó ń kọ software fún káńsù pọ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Káńsù kékeré kan ní England ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ká tún apá àṣẹ ìkọ́lé ṣe lórí ìkànnì wa. Kò sí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí: ìlànà wà, ọ̀nà àtilọ sí Planning Portal, ìkànnì tí wọ́n ń gbà fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ ní England, wà, àtòkọ gbogbo ìwé tí à ń béèrè náà wà nínú PDF gígùn kan. Síbẹ̀, à ń dá ìwé padà ṣáá nítorí pé kò pé. Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ á ti máa ka ọ̀sẹ̀ 8 tó yẹ ká fi ṣèpinnu lọ, kò mọ̀ pé aago ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, torí ọjọ́ tí ìwé bá pé ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni ká ti mú un? Ṣé ẹ̀rọ tuntun ló yẹ ká rà ni, àbí ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìkànnì ló yẹ ká tún kọ? Àwọn àṣìṣe wo ló wọ́pọ̀ jù, kí ló sì ń fà wọ́n?

Ìyá_Validation:

Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ kó ìwé 100 tí ẹ dá padà gbẹ̀yìn jáde, kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú spreadsheet. Bí ìwé kan bá ní àléébù 3, ẹ kọ ọ́ sí ìlà 3. Ẹ fi ibi kan sílẹ̀ láti kọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, bóyá onílé fúnra rẹ̀ ni tàbí ayàwòrán, torí oògùn àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ò ní tíì jìnnà tí ẹ ó fi rí i pé nǹkan bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń padà wá lemọ́lemọ́.

Location plan, ìyẹn máàpù tó ń fi ibi tí ilẹ̀ náà wà hàn, ni yóò ṣáájú. Ó yẹ kó wà ní 1:1250 tàbí 1:2500 lórí máàpù tó bá ìsinsìnyí mu, kí àmì àríwá wà lórí rẹ̀, kí ìlà pupa yí gbogbo ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà kàn ká, kí ìlà búlúù sì yí ilẹ̀ mìíràn tí ẹni náà ní nítòsí ká. Ohun tí à ń rí ni ìlà pupa tó yí yàrá tuntun nìkan ká, tàbí èyí tó yí ilé ká tó wá fi ọ̀nà àbájáde sílẹ̀. Bí ilé bá wà lẹ́yìn ilé mìíràn, tó jẹ́ ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n ń gbà wọlé, ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà pupa títí dé títì ìjọba. Tó bá sì wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ọ̀nà náà, certificate, ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀, gbọ́dọ̀ yí padà nìyẹn. Àṣìṣe kan ti bí èkejì. Àwọn kan á fi screenshot Google Maps ránṣẹ́, àwọn kan á fi title plan (máàpù ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀) ti Land Registry ránṣẹ́. Kò sí èyí tó tọ́ nínú méjèèjì. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi ibi tí wọ́n ti lè ra máàpù Ordnance Survey sí abẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi sí ojú ìwé mìíràn.

Certificate ẹni tó ni ilẹ̀ ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí. A jẹ́ ti ẹni tó dá gbogbo ilẹ̀ náà ní. B jẹ́ ti ẹni tó mọ gbogbo àwọn tó kù tó ní in, tó sì ti fún wọn ní ìwé ìfitónilétí. C wà fún ẹni tó mọ díẹ̀ nínú wọn, D fún ẹni tí kò mọ ẹnì kankan. A ni gbogbo ayé ń mú, torí òun ni kò ní wàhálà. Ẹni tó ń gbé flat á mú A, kò mọ̀ pé freeholder, ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an, wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ̀ pé lójú òfin, ẹni tí lease rẹ̀ (àdéhùn àtigba ilé fún iye ọdún kan) ṣì ku ọdún 7 ó kéré tán, onílẹ̀ lòun náà. Ẹni tó fẹ́ fẹ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ á mú A, ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán rẹ̀ dáadáa: gọ́tà òrùlé ti yọ sórí ilẹ̀ aládùúgbò ní 150 mm, ìpìlẹ̀ sì ti wọ abẹ́ ògiri ààlà. B ni certificate rẹ̀, 150 mm péré ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Àlàyé gígùn kì í wo èyí sàn. Ẹ má bi wọ́n ní certificate tí wọ́n fẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá flat ni. Ẹ bi wọ́n bóyá gọ́tà, òrùlé tàbí ìpìlẹ̀ máa kọjá ààlà. Ẹ bi wọ́n ta ló ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Kí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wá yan lẹ́tà náà fún wọn. Kí ẹ sì sọ ọ́ ketekete pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ buwọ́ lu certificate irọ́, tàbí tí kò bìkítà bóyá irọ́ ni, ó ti dẹ́ṣẹ̀ sófin.

Ẹ̀kẹta: fọ́ọ̀mù tí kì í ṣe tiwọn. Onílé flat á kọ fọ́ọ̀mù householder, èyí tó wà fún iṣẹ́ lára ilé tí kì í ṣe flat. Householder kò kan flat rárá. Full application, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìbéèrè kíkún, ni tiwọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo lójú ìwé àkọ́kọ́ á dá èyí dúró.

Ayàwòrán_SE15:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti onílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa ayàwòrán, torí àwa náà kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ìwọ̀n àwòrán ni àléébù wa. Ẹnì kan á kọ "1:100" sí igun àwòrán, kò ní kọ ìwọ̀n bébà tó jẹ́ tirẹ̀. A3 ló fi yà á. Bí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí A4, ìlà 100 mm tó dúró fún mítà 10 á di bíi 71 mm. Ṣé ẹ rí ohun tí ìyẹn ń ṣe? Àfikún ilé tó gùn ní mítà 4.2 á dà bíi pé kò tó mítà 3 lójú ẹni tó ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ mítà 3 yẹn gan-an ni ààlà àfikún onípele kan lẹ́yìn ilé tó so mọ́ ilé mìíràn, tí èèyàn lè kọ́ láìgba àṣẹ. Kí káńsù béèrè nǹkan mẹ́ta lórí gbogbo àwòrán: ìwọ̀n pẹ̀lú bébà rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 1:100 @ A3, scale bar (ìlà tí a fi ń mọ ìwọ̀n lórí àwòrán), àti iye mítà tí wọ́n kọ sí ibi tó ṣe kókó, ìyẹn bó ṣe gùn jáde sẹ́yìn, gíga rẹ̀ dé etí òrùlé, àti bó ṣe jìnnà sí ààlà. Kí wọ́n sì ní ká yọ "do not scale" kúrò, torí wíwọ̀n gan-an ni òṣìṣẹ́ planning fẹ́ wọ̀n ọ́n.

Àwòrán existing (bó ṣe wà) àti proposed (bó ṣe máa rí) ńkọ́? Ó yẹ kí méjèèjì wà ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì kọjú sí ibì kan náà. Ẹni tó bá ya ojú ilé tuntun láìya ti àtijọ́ ò jẹ́ kí a mọ ohun tó ń yí padà.

Àmọ́ ẹ̀yin káńsù náà, ẹ gbọ́ tiyín. PDF gígùn tí olùbéèrè ń sọ yẹn, ọjọ́ wo ni wọ́n gbé e jáde? Òfin ní England ni pé bí àtòkọ ìbéèrè ti káńsù fúnra rẹ̀ bá ti ju ọdún 2 lọ láìtún gbé e jáde, kò lágbára mọ́ láti fi dá ìwé ẹnikẹ́ni padà. Ohun tí ẹ bá sì béèrè gbọ́dọ̀ bá bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó mu. Mo mọ àwọn àtòkọ tó ń béèrè heritage statement (àlàyé lórí ìtàn ilé), ìròyìn igi àti ìwé omi òjò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe fèrèsé lórí òrùlé. Ayàwòrán tó bá mọ òfin á lo Article 12 ti DMPO 2015, òfin tó ń darí ìbéèrè àṣẹ ìkọ́lé ní England, á kọ̀wé pé òun ò gbà. Ẹ̀yin náà á wá wá àkókò láti fèsì.

Èyí tó ń dùn wá jù: lẹ́tà tó ń ka àléébù níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ní àmì àríwá ò sí. A fi sí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ ní certificate ò tọ̀nà. A tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ò pé. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan.

Adé_Kóòdù:

Ohun kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe nínú ọ̀rọ̀ Ìyá_Validation. Fọ́ọ̀mù 1APP tó wà lórí Planning Portal, ti gbogbo England ni, láti 2008. Káńsù kan ò lè dá a yí padà. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni ojú ìwé tí èèyàn ń kà kó tó tẹ bọ́tìnnì lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́ ìbéèrè kúkúrú 5 tàbí 6 sí ojú ọ̀nà: flat ni àbí ilé, ta ló ni ilẹ̀, ṣé ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò ni, ṣé igi wà nítòsí, ṣé wọ́n ti kọ́ ọ tán kí wọ́n tó béèrè. Ní ìparí, ẹ fún wọn ní àtòkọ tiwọn nìkan: fọ́ọ̀mù báyìí, certificate báyìí, àwòrán báyìí, owó báyìí. Bí ẹ bá rí àyè gbé PDF gígùn yẹn sí ìsàlẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò, ẹ gbé e.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo software kan tó ń jẹ́ PlanX. Lambeth, Southwark, Camden àti Buckinghamshire wà lára àwọn káńsù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ RIPA, èyí tó dá lórí dídín ìwé tí kò pé kù. PlanX ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀, Open Systems Lab ló kọ́ ọ, open source sì ni, ìyẹn ni pé kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èèyàn á kọ àdírẹ́sì rẹ̀, PlanX á wo máàpù bóyá ilé náà wà ní conservation area (àdúgbò tí wọ́n ń dáàbò bò nítorí ìtàn rẹ̀), bóyá Article 4 (àṣẹ tó gba ẹ̀tọ́ kíkọ́ nǹkan láìgba àṣẹ kúrò) kàn án, bóyá igi tí wọ́n fi òfin dáàbò bò wà níbẹ̀, á wá yọ àwọn ìbéèrè tí kò kàn án kúrò. BoPS ni software tàwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé náà lódìkejì.

Ṣùgbọ́n ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́n ju data yín lọ. Bí Article 4 yín bá ṣì jẹ́ máàpù tí wọ́n scan, tí wọ́n fi bírò pupa fa ìlà yí òpópónà kan ká, ẹ̀rọ á sọ fún onílé pé kò nílò àṣẹ, onílé á yọ fèrèsé onígi rẹ̀ dànù, á fi oníke sí i, wọ́n á sì gbé enforcement, ìyẹn ìgbésẹ̀ òfin káńsù, kò ó. Kí ẹnì kan jókòó fa ààlà Article 4, conservation area àti igi sínú GIS (máàpù orí kọ̀ǹpútà), kó ṣí ìwé àṣẹ wọn níkọ̀ọ̀kan fi yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó gbé e lọ sí planning.data.gov.uk, ìkànnì data ìjọba. Iṣẹ́ tí kò dùn ni, òun sì ni mo máa fi síwájú software èyíkéyìí.

Owó: ẹ má tẹ iye owó sórí ojú ìwé mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Householder jẹ́ £258 tẹ́lẹ̀, ó di £528 ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025, òfin sì ti ní kó máa yí padà ní oṣù Kẹrin lọ́dọọdún. Ẹ fi sí ibì kan ṣoṣo, kí ojú ìwé yòókù máa tọ́ka síbẹ̀. Ẹ sì wá gbogbo ibi tí ìkànnì yín ṣì ti ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún lè tún béèrè lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n ti mú ẹ̀tọ́ yẹn kúrò.

Orúkọ fáìlì: "scan001.pdf", "scan002.pdf", "FINAL final.pdf". Òṣìṣẹ́ á ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, aládùúgbò tó fẹ́ ka ìwé náà lórí ìkànnì á jìyà bákan náà. Ẹ fún wọn ní àpẹẹrẹ: A102 RevB Proposed Ground Floor. Nọ́ńbà àti revision yẹn wúlò gan-an, torí òun ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìpinnu gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé gbogbo nǹkan tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ló lè hàn fún gbogbo ayé, nítorí náà kí wọ́n fi lẹ́tà dókítà àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé sínú fáìlì tiwọn, kí wọ́n kọ "confidential" sí orúkọ rẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Kent:

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti wo PDF yẹn: ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọdún 2. Ìyẹn di iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè: ìwé ìwádìí ńkọ́, irú bíi ti àdán àti ti BNG (ọ̀rọ̀ ẹ̀dá inú igbó)? Àwọn ènìyàn ń sọ pé a kì í sọ fún wọn lásìkò.

Ìyá_Validation:

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìwádìí àdán ní àsìkò tirẹ̀. Ayẹ̀wò àkọ́kọ́ lára ilé lè wáyé nígbàkigbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí àmì rẹ̀, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n lè jókòó wo bí àdán ṣe ń jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ẹ bá sọ fún ní oṣù Kẹwàá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ìbéèrè náà sí iwájú pátápátá: ṣé ẹ máa ṣí òrùlé, ṣé ẹ máa wó ilé, ṣé abà àtijọ́ ni? Ẹ kọ oṣù náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

BNG, ìyẹn 10% àfikún fún ẹ̀dá inú igbó àti koríko, bẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2024, ó sì kan iṣẹ́ kékeré láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Householder bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn yòókù tó bá ní kò kàn àwọn gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi bọ́ nínú rẹ̀. "Kò kàn mí" nìkan kò tó. Ẹ kó àwọn ìdí náà jọ fún wọn láti yan, kí ẹ sì béèrè fọ́tò ilẹ̀ náà.

Alàgbà_Luton:

Ẹ má bínú pé mo yà sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ìjọ wa ńkọ́? Wọ́n ń gba ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ń kó àga àti ìlù wọlé, ìgbà tí káńsù bá kọ lẹ́tà ni wọ́n ń sáré kọ fọ́ọ̀mù. Kí ló máa ń jẹ́ kí ìwé wọn padà?

Ìyá_Validation:

Ẹ ò yà kúrò, Alàgbà, ara ọ̀rọ̀ náà ni. Nínú ìpín tí òfin fi ń ya ìlò ilé sọ́tọ̀, ilé ìkẹ́rùsí jẹ́ Class B8, ilé ìjọsìn jẹ́ F1 láti ìgbà tí wọ́n tún ìpín náà tò ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Láti B8 sí F1 gba àṣẹ, full application sì ni.

Certificate ló máa ń kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ìjọ tó gba lease ọdún 3 kò tíì di onílẹ̀ lójú òfin. Lańlọ́ọ̀dù ni onílẹ̀, ìjọ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé, B ni. Bí lease bá jẹ́ ọdún 10, ìjọ náà ti wà nínú onílẹ̀, ṣùgbọ́n lańlọ́ọ̀dù kò tíì kúrò níbẹ̀, B ṣì ni. Kò sí ibi tí A ti ń tọ́ fún ìjọ tó ń san rẹ́ńtì.

Èkejì ni ìlà pupa: wọ́n á yí ilé ká, wọ́n á fi ibi ìgbọ́kọ̀sí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni aládùúgbò máa kọ́kọ́ bá wọn jà lé.

Lẹ́yìn náà, wọn kì í kọ ohun tí wọ́n ń ṣe. "Worship" nìkan kò tó. Kí wọ́n kọ iye ènìyàn tó ń wá lọ́jọ́ Àìkú àti iye tó ń wá láàárín ọ̀sẹ̀, aago tí ìsìn bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, bóyá ìṣọ́ òru wà àti ìgbà mélòó lóṣù, bóyá ìlù, gìtá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. Bí wọ́n bá fi ìṣọ́ òru pamọ́, káńsù lè kọ àkókò tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é mọ́ sínú àṣẹ náà, wọ́n á wá máa rú òfin lóṣooṣù. Ìròyìn ariwo gbọ́dọ̀ wọ̀n ariwo àyíká lóru nígbà tí ojú pa rọ́rọ́, kó sì sọ bí ògiri, òrùlé páànù àti ilẹ̀kùn ńlá ilé náà ṣe lè dí ohùn tó. Òrùlé páànù ilé ìkẹ́rùsí kì í fi bẹ́ẹ̀ dí bass dúró. Ẹni tó bá ṣe ìwádìí ní ọ̀sán gangan nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá, òṣìṣẹ́ environmental health máa dá a padà fún un.

Adé_Kóòdù:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yẹn ló yẹ kó jẹ́ ojú ìwé kan lọ́tọ̀ lórí ìkànnì káńsù: "Ẹ fẹ́ sọ ilé di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí?" Ọmọ_Ẹ̀pẹ́, bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé gidi, kì í ṣe PDF, torí orí fóònù ni àwọn alàgbà máa ti kà á. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ nọ́ńbà 3 sílẹ̀: ìdá mélòó nínú ìwé tó ń pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ mélòó láti ìgbà tó dé títí tó fi pé, àti àléébù tó pọ̀ jù nínú spreadsheet Ìyá_Validation. Ẹ tún wọn kà lẹ́yìn oṣù 3, kí ẹ ya onílé àti ayàwòrán sọ́tọ̀ nínú wọn.